Ilojo Bar: ilé tó ju 160 ọdún lọ, tí wọ́n wó lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan

1/ Thread òní gùn díẹ̀, ẹ wá ibi jókòó sí. Mo fẹ́ sọ ìtàn ilé kan tí wọ́n wó l'Ékòó lọ́jọ́ Sọ́ńdè, 11 September 2016. Ilojo Bar lorúkọ ilé ọ̀hún. Ẹ lè ní kí ló kan ọmọ Ring Road n'Ìbàdàn nínú ọ̀rọ̀ ilé Èkó. Ẹ ṣáà máa bá mi bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

2/ Ká kọ́kọ́ mọ ibi tó wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Tinúbú Square ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí omi ti máa ń tú sókè nínú ọgbà yẹn, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni, lórí Bámgbóṣé Street. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Orí fèrèsé àti ìlẹ̀kùn ẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè. Ó ní òpó, ó ní òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì yọ sára ògiri. Tẹ́ ẹ bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní ṣì í mọ̀.

3/ Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ, ní nǹkan bí ọdún 1855. Ará Àgùdà ni wọ́n. Torí náà ni àwọn mìíràn ṣe ń pè é ní Casa do Fernandez. "Casa" ni wọ́n ń pe ilé lédè Potogí. Ìsàlẹ̀ ilé wà fún òwò, ọtí àti oúnjẹ ni wọ́n ń tà ńbẹ̀, òkè wá jẹ́ ibùgbé. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ́lé ní Brazil nìyẹn: ìsàlẹ̀ fún ọjà, òkè fún ẹbí.

4/ Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí 1855 túmọ̀ sí ná. Ọdún 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó. Ọdún 1861 ni wọ́n gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Àárín méjèèjì ni ilé yìí bọ́ sí. Wọn ò tíì pe ẹnikẹ́ni ní ọmọ Nàìjíríà nígbà yẹn o! Ìyá Tinúbú fúnra ẹ̀, Ẹfúnróyè, ṣì wà l'Ékòó. Ọdún 1856 ni wọ́n lé e kúrò, tó gba Abẹ́òkúta lọ. Ilé yìí ṣáájú Nàìjíríà, ó ṣáájú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó pàápàá.

5/ Ta wá ni àwọn Àgùdà? Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn, àwọn tí ogun kó lẹ́rú, tí wọ́n tà sí Brazil, pàápàá ní Bahia. Lọ́dún 1835, àwọn Mùsùlùmí Yorùbá àti Haúsá tó wà lẹ́rú ní Bahia dìde ogun. Wọn ò borí. Àwọn aláṣẹ pa lára wọn, wọ́n na àwọn mìíràn, wọ́n dá àwọn kan padà sí Áfíríkà. Láti ìgbà yẹn lọ, àwọn tó ti ra ara wọn kúrò lóko ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ bọ̀ wálé, díẹ̀díẹ̀. Ọdún 1888 ni Brazil tó fòpin sí òwò àti ìní ẹrú pátápátá.

6/ Àwọn kan gúnlẹ̀ sí Ajúdà, àwọn kan sí Àgbádárìgì, ọ̀pọ̀ wá sí Èkó. Ibi tí wọ́n gbé l'Ékòó là ń pè ní Pópó Àgùdà títí dòní. Torí wọn náà la ṣe ń pe Kátólíìkì ní Ìjọ Àgùdà, torí ọwọ́ wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́kọ́ rí ẹ̀sìn yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń jẹ́ da Silva, Pereira, Cardoso, Salvador, da Rocha, tó ń sọ Yorùbá ju tèmi tìẹ lọ, ẹ má bi í pé níbo ló ti wá. Ọmọ wá ni, ọ̀nà ló rìn jìn.

7/ Frejon ńkọ́? Ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ mọ́ omi àgbọn, tí wọ́n máa ń jẹ lọ́jọ́ Good Friday. Àwọn ni wọ́n gbé e bọ̀.

Àmọ́ ohun tó ṣe kókó jù fún ìtàn òní ni pé wọ́n gbé iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀. Bíríkìlà ni wọ́n, kápíńtà ni wọ́n, alágbẹ̀dẹ ni wọ́n, télọ̀ ni wọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n fi tipátipá kọ́ nínú oko ẹrú, òun ni wọ́n wá fi di ẹni iyì nílé.

8/ Ẹ wo Mọ́sáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894. João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ló kọ́ ọ. Ẹ ò rí nǹkan! Mùsùlùmí ló ni mọ́sáláṣí, Àgùdà ló kọ́ ọ, àwòrán Brazil ló wà lára ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bínú. Ẹ wo Ilé Omi náà ní Kakawa Street, ilé ìdílé da Rocha, tó gbórúkọ yẹn torí kànga inú ọgbà ẹ̀. Àwọn ilé wọ̀nyí ni ẹgbẹ́ Ilojo Bar.

9/ Àwọn ọmọṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn Àgùdà ò jókòó s'Ékòó nìkan. Wọ́n gba Abẹ́òkúta, wọ́n gba Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n gba Ìbàdàn, wọ́n gba Òṣogbo. Nígbà tí owó kòkó dé, gbogbo ẹni tó rí owó gidi fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ilé àtijọ́ tẹ́ ẹ máa ń rí n'Íbàdàn, tó ní òpó níwájú, tí orí fèrèsé ẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n yọ òdòdó tàbí kìnnìún sára ògiri ẹ̀? Ọmọọmọ Ilojo Bar ni, ká fi ṣe àpèjúwe.

Ẹ ti rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ yìí ti ń sún mọ́ ilé.

10/ Ká padà s'Ékòó. Lọ́dún 1933, ilé yìí bọ́ sọ́wọ́ Alfred Ọmọ́lọnà Ọláìyá. Ará Ìjẹ̀ṣà-Ìṣù ni baba yìí, ní Èkìtì, olówó ni. Láyé tiẹ̀ ni orúkọ Ilojo Bar mọ́ ilé náà lára, àwọn kan sì ń pè é ní Ilé Ọláìyá.

11/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn orin highlife, etí yín á ti nà. Ẹ̀ẹ́n, Ọláìyá yẹn náà ni. Victor Ọláìyá tó kọ Baby Jowo, tó ń fun kàkàkí bí ẹni pé ẹ̀mí ẹ̀ wà ńbẹ̀, ọmọ baba yìí ni. Wọ́n bí i lọ́dún 1930, òun sì ni ọmọ ìkogún nínú ọmọ 24. Ẹ ká a lẹ́ẹ̀kan sí i: ọmọ 24. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn pamọ́, a máa padà sí i.

12/ Lọ́dún 1956, ìjọba kéde Ilojo Bar ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Òfin tó jẹ́ kó ṣeé ṣe jáde lọ́dún 1953. Ẹ wo àkókò yẹn: òmìnira ò tíì dé. Àwọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ àwọn nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé nígbà yẹn rí i pé ilé yìí kì í ṣe ilé lásán, pé ìwé ìtàn ni. Lọ́dún 1979, òfin mìíràn dá àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìrántí sílẹ̀, Ilojo Bar sì bọ́ sábẹ́ tiwọn.

13/ Kí wá ni kíkéde yẹn túmọ̀ sí? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò ti yé.

Ìjọba ò gba ilé lọ́wọ́ onílé. Onílé ṣì ni onílé. Àmọ́ kò gbọdọ̀ wó o, kò gbọdọ̀ yí i padà, àfi tí àjọ bá fọwọ́ sí i. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí òrùlé bá wá ń jò ńkọ́? Ta ló máa ra páànù? Tí ògiri bá ń sán, ta ló máa pe bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ àtijọ́? Àṣẹ wà lórí ìwé, owó ò tẹ̀lé e.

14/ Ìṣòro kejì. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ wa, ohun ìrántí orílẹ̀-èdè wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Àmọ́ ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ àti ilé wíwó, ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ló wà. Ilé kan, ọ̀gá méjì. Abúlé wa ní òwe fún irú ẹ̀: ẹran ẹlẹ́ni méjì, ebi ni í pa á kú. Tí ẹnì kan bá rò pé ẹnì kejì ló ń fún un ní koríko, ẹ mọ ibi tó máa já sí.

15/ Ìṣòro kẹta ni nọ́ńbà tí mo ní kẹ́ ẹ fi pamọ́. Mi ò sọ̀rọ̀ ẹbí kankan pàtó níbí yìí o, gbogbo wa ni mò ń bá wí. Tí baba Yorùbá bá kú láì kọ ìwé ìhágún, ogún ẹ̀ di ti gbogbo ọmọ. Wọ́n lè pín in ní ìdí-igi, ìyẹn ni pé orí ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa kà. Wọ́n lè pín in ní orí-ò-jorí, ìyẹn ni orí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ilé bàbá, ọ̀pọ̀ ẹbí kì í pín in. Ilé ẹbí ni. Ti gbogbo wa ni.

16/ Ẹ wá ṣírò ẹ̀. Ká ní ọmọ 24, tí kálukú bí mẹ́rin péré. Ọmọọmọ ti di 96. Tí àwọn yẹn náà bá tún bí mẹ́rin mẹ́rin, ó ti di 384. Ẹni 384 ló ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan! Tẹ́ ẹ bá pín owó háyà ẹ̀, kò tó owó sọ́ọ̀yà. Tí òrùlé bá jò, ẹni tó ń gbé ńbẹ̀ á ní ilé ẹbí ni, kí ẹbí tún un ṣe. Ẹbí á ní ẹni tó ń gbé ńbẹ̀ ni kó tún un ṣe. Òjò ò ní dúró dè wọ́n.

17/ Ilẹ̀ tí ilé yẹn dúró lé wá ńkọ́? Tinúbú! Ojú ọjà! Lára ilẹ̀ tó wọ́n jù ní Nàìjíríà nìyẹn. Ilé tó wà lórí ẹ̀ ń jò, kò mówó wọlé, ìjọba ò fún yín ní kọ́bọ̀, wọ́n sì ní ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Lápá ibí, bíléèbù ń ròkè. Ká sọ òótọ́, mélòó nínú wa ló máa lè dúró?

Mi ò sọ pé ó dáa kí wọ́n wó o. Mò ń sọ pé kí ó tó di pé katapílà dé, ilé yẹn ti ń wó láti 50 ọdún sẹ́yìn.

18/ Àwọn kan gbìyànjú sha. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Legacy, àwọn ayàwòrán ilé àti àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ló wà ńbẹ̀. Wọ́n ti ń pariwo ọ̀rọ̀ àwọn ilé Àgùdà Èkó tipẹ́. Àmọ́ ariwo wọn ò kọjá àárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Lọ bi ẹni tó ń ta bàtà ní Tinúbú nígbà yẹn pé kí ni ilé yìí. Á ní "ilé àtijọ́ kan ni."

19/ Nígbà tó di Sọ́ńdè 11 September 2016, katapílà dé. Ẹ ò ṣe ní mọ̀ pé Sọ́ńdè ni. Ọ́fíìsì ò ṣí, kóòtù ò ṣí, ọjà ò kún, àwọn èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí àwọn tó lè dá wọn dúró tó gbọ́, ilé ti di òkìtì bíríkì. Àjọ tó ń bójú tó ohun ìrántí bu ẹnu àtẹ́ lù ú, wọ́n ní kò bófin mu. Àwọn onílé ní ilé náà ti gbó, ó lè wó pa èèyàn. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó parí.

20/ Ẹnì kan á ní: "Áfíríkà la wà, àwọn òyìnbó kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Irọ́ gbuu ni!

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Scotland. Ààfin kan wà ńbẹ̀ tó ń jẹ́ Hamilton Palace, nítòsí ìlú Glasgow. Ilé àwọn Duke ti Hamilton ni, lára ilé tó tóbi jù ní gbogbo Scotland. Lọ́dún 1882, gbèsè mú kí wọ́n ta ẹrù inú ẹ̀. Ọjọ́ 17 ni wọ́n fi lu gbàǹjo. Owó tó wọlé jẹ́ pọ́n-ùn 397,562, owó ayé ìgbà yẹn o.

21/ Gbàǹjo yẹn ò gba ilé náà là. Èédú wà lábẹ́ ilẹ̀ ààfin yẹn, irú èyí tí wọ́n máa ń wà ní Enugu tẹ́lẹ̀. Wọ́n fàyè gba kí wọ́n wa èédú lábẹ́ ilé. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Owó àtúnṣe pọ̀ ju agbára wọn lọ. Ní àwọn ọdún 1920, wọ́n wó o palẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ ilé níye lórí ju ilé lọ, ni wọ́n bá pa ilé. Ẹ ò rí i pé ó jọ ti Tinúbú? Níbẹ̀, èédú ni. Níbí, ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ni.

22/ Apá tó mú kí n kọ thread yìí rèé. Lọ́dún 1810, Duke kẹwàá, kó tó joyè, fẹ́ ọmọ William Beckford. Ta ni Beckford? Ọ̀kan lára àwọn olówó Gẹ̀ẹ́sì tó lọ́rọ̀ jù ní ayé ẹ̀. Níbo lowó ẹ̀ ti wá? Oko ìrèké ní Jamaica, níbi tí àwọn ẹrú Áfíríkà ti ń ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi kú. Nígbà tí Beckford kú lọ́dún 1844, ìwé àti ohun ẹ̀ṣọ́ tó fi owó yẹn rà wọ Hamilton Palace. Wọ́n wà lára ohun tí wọ́n tà lẹ́yìn náà.

23/ Ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ilé kan ní Scotland tí owó òógùn ẹrú ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ilé kan l'Ékòó tó jáde láti inú iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹrú kọ́, tó fi gba ara ẹ̀, tó gbé e padà wálé. Méjèèjì ti wó. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé mùsíọ́ọ̀mù ìlú Boston l'Ámẹ́ríkà, yàrá ìjẹun Hamilton Palace wà ńbẹ̀. Wọ́n tú pákó ẹ̀, wọ́n tò ó padà. Ti Ilojo Bar ńkọ́? Fọ́tò.

24/ Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé sí Ring Road.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba Challenge, ẹ mọ Music House, ilé Yínká Ayéfẹ́lẹ́ tí Fresh FM wà nínú ẹ̀, ní Lagos By-pass. Ní ìdájí 19 August 2018, katapílà ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà yẹn wó apá kan ẹ̀. Ìjọba ní ilé náà ò bá pláànù tí wọ́n fọwọ́ sí mu. Ọ̀rọ̀ ti wà ní kóòtù. Ẹ mọ ọjọ́ tó bọ́ sí? Sọ́ńdè.

25/ Mi ò dá ẹjọ́ yẹn, ó ti kọjá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Gbogbo ìlú pariwo. Mùsùlùmí pariwo, onígbàgbọ́ pariwo, ọlọ́kadà pariwo, ìyá oníṣu pariwo. Ayéfẹ́lẹ́ lórúkọ, ó ní rédíò, àwọn èèyàn sì mọ ìtàn ẹ̀: bí jàǹbá ọkọ̀ ọdún 1997 ṣe gbé e jókòó sórí kẹ̀kẹ́, tó fi ìyẹn kọrin, tó fi orin kọ́lé. Ìjọba àti òun padà jókòó sọ̀rọ̀, ìjọba kan náà ló sì tún apá tí wọ́n wó kọ́.

26/ Ilé tí kò tíì pé ọdún mélòó kan rí alágbàwí. Ilé ọdún 161 ò rí. Ìdí ẹ̀? Aráàlú mọ ìtàn ti Challenge, wọn ò mọ ìtàn ti Tinúbú. Ìwé ìjọba wà lára Ilojo Bar láti 1956, ó lé ní 60 ọdún tí ìwé yẹn wà ńbẹ̀. Ìwé ò dá katapílà dúró. Ẹnu ni í gbani, tí ẹnu bá pọ̀ tó.

27/ N'Íbàdàn tiwa ńkọ́? Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ n'Íbàdàn, tí David àti Anna Hinderer kọ́ sí Kúdẹtì, ọjọ́ orí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Ilojo Bar dọ́gba. Mélòó nínú wa ló ti dé ibẹ̀? Ilé Sàlámì Àgbàjé ní Ayéyé ńkọ́? Àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì owó kòkó tí kò ní orúkọ nínú ìwé kankan, tí páànù wọn ti dípẹtà, tí "This House Is Not For Sale" wà lára ògiri wọn. Ẹ má tan ara yín. Ìkọ̀wé yẹn ò dá plaza dúró.

28/ Kí la wá lè ṣe? Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ bá ìjọba jà.

Ẹ ya fọ́tò ilé bàbá yín. Iwájú, ẹ̀yìn, àtẹ̀gùn, àjà, ìlẹ̀kùn. Ẹ bi àgbà tó ṣẹ́kù pé ta ló kọ́ ọ, ọdún wo, iṣẹ́ wo ni baba yẹn ń ṣe, ta ni bíríkìlà. Ẹ gbà á sórí fóònù pẹ̀lú ohùn wọn. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní ìpín nínú ilé. Kí ẹbí yan ẹni mẹ́ta péré tí yóò máa mójú tó òrùlé, kí kálukú máa dáwó lóṣù, bó jẹ́ 1,000 náírà. Òrùlé ni í kọ́kọ́ pa ilé.

29/ Tí ẹbí bá sì pinnu pé àwọn á wó o, torí ilé ẹbí ni, ẹ̀tọ́ wọn ni tí ìjọba ò bá tíì kéde ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wọn yàrá, ẹ ya àwòrán ẹ̀, ẹ tú ìlẹ̀kùn tó dáa jù pamọ́. Hamilton Palace ṣì ní yàrá kan láyé torí ẹnì kan tú u kí wọ́n tó wó o.

30/ Ìyẹn ni thread òní o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní fọ́tò ilé àtijọ́ n'Íbàdàn, yálà ó ṣì dúró tàbí ó ti wó, ẹ fi sísàlẹ̀ ibí. Ẹ kọ àdúgbò, ẹ kọ ọdún tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ. Mo máa kó gbogbo ẹ̀ jọ síbì kan. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn bùọ̀dá àti àǹtí yín nínú WhatsApp ẹbí, àwọn gan-an ló mọ ìtàn jù wá lọ.